Land Rover Àtijọ́ Tó Wà Nínú Àgbàlá: Ẹ Má Kọ́kọ́ Ra Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ Land Rover àtijọ́ máa ń jẹ yọ nínú ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ ẹ̀yáwó. Ọkọ̀ náà ti kú nílé tipẹ́. Bóyá bàbá ẹni ló fi sílẹ̀, bóyá ní gbàǹjo ni a ti rà á. Ẹni tó ni ín fẹ́ jí i dìde, kí ó lè máa kó kòkó, iṣu àti gbágùúdá jáde ní oko tí ọkọ̀ kékeré kò lè dé. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níbẹ̀: owó ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ra ẹ́ńjìnnì lè gbé e délé tán kó wá rí i pé egungun ọkọ̀ ti jẹrà, bíréèkì kò sí, owó sì ti tán. Ọkọ̀ á wà lórí igi, ẹ́ńjìnnì á wà lábẹ́ àtíbàbà, gbèsè á sì máa gorí gbèsè. Kì í ṣe ẹni tó yáwó nìkan ló ń jìyà irú èyí. Àwọn onídùúró rẹ̀ ńkọ́, tí owó ìfipamọ́ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Nítorí náà ni a fi fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé, "Ó tó, èyí kọjá agbára mi."

IRÚ ỌKỌ̀ WO NI LAND ROVER?

Ní oṣù April ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fún aráyé rí, níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam. Ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Maurice Wilks, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà wọn, ní Jeep ogun kan tó ń lò lóko rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ló ti rò ó pé àwọn náà lè ṣe ọkọ̀ tí àgbẹ̀ á máa lò. Ogun kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà, irin wọ́n, ìjọba ló ń pín in fún ilé iṣẹ́. Ni wọ́n bá fi àlùmíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

Series Kìíní ni wọ́n ṣe láti 1948 sí 1958. Series Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1958, èyí tí wọ́n ń pè ní IIA jáde ní 1961, Series Kẹta sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971 títí di 1985. Àwọn àgbà inú wa mọ̀ ọ́n dáadáa: ọkọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Kódà ìgbà kan wà tí ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn ń tò ó pọ̀ níhìn-ín.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ jókòó sí ipò dírẹ́bà. Bí aago ìwọ̀n ìsáré bá wà láàárín iwájú ọkọ̀, Series Kejì tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni. Bí ó bá wà níwájú dírẹ́bà gan-an, Series Kẹta ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn àárín táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn: kúkúrú jẹ́ ínṣì 88, gígùn jẹ́ ínṣì 109, yàtọ̀ sí àwọn tó ti pẹ́ gan-an. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ máa bi yín nìyẹn.

EGUNGUN NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé Land Rover kì í dípẹtà, nítorí pé àlùmíníọ̀mù ni ara rẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Aṣọ òkè nìkan ni àlùmíníọ̀mù. Egungun abẹ́ rẹ̀, tí à ń pè ní ṣásíì, irin gidi ni. Irin náà dà bí àpótí gígùn tó ṣófo nínú. Omi àti ẹrẹ̀ máa ń gba ojú ihò wọnú rẹ̀, wọn kì í sì í tètè jáde. Nítorí náà, inú ló ti ń jẹrà bọ̀ sí ìta. Ẹ lè rí i tó ń dán lókè, kí inú rẹ̀ sì ti di ìyẹ̀fun.

Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa fi kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dára á máa dún bí agogo. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀ọ̀, bí ẹni ń lu pákó tó ti gbó. Àwọn ibi tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni irin ìdábùú ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń fa ọkọ̀. Apá kéékèèké tó yọ síta láti gbé ara ọkọ̀ ró. Ibi tí sípíríńgì gbé rọ̀ mọ́ ṣásíì. Àti ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dírẹ́bà, pàápàá ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ àti ìdí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá okùn ìwọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n láti apá òsì iwájú dé apá ọ̀tún ẹ̀yìn, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ọ̀tún iwájú dé òsì ẹ̀yìn, kí ó jẹ́ ojú kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, ṣásíì náà tọ́. Bí wọ́n bá yàtọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ náà ti fara gbá nǹkan rí, ó ti wọ́.

Bí ibi tó jẹrà kò bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí kò sì pọ̀ lọ títí, ajórin tó mọṣẹ́ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gé ibi tó jẹrà kúrò títí yóò fi kan irin tó ṣì le, kí ó tó jó irin tuntun tó nípọn bákan náà mọ́ ọn. Kí ó má kàn lẹ irin tuntun lé ìdípẹtà lórí o! Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí èèyàn kun ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀. Bí ìjẹrà bá ti gba ibi sípíríńgì méjì mẹ́ta tàbí tó gba ìdajì ṣásíì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má yáwó lé e lórí. Ẹ tà á fún ẹni tó fẹ́ ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlùmíníọ̀mù tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn wá kàn báyìí. Níbikíbi tí àlùmíníọ̀mù àti irin bá ti fara kanra, tí omi sì dé ibẹ̀, àwọn méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ bíi bátìrì, àlùmíníọ̀mù ni yóò sì jẹ tán. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun níbẹ̀. Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ kun ojú méjèèjì dáadáa, kí ẹ sì gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ sí àárín wọn kí wọn má bàa kanra mọ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ọkọ̀ là fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀MÍ KÒ NÍ ÀPÀÀRÀ

Ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ti ṣe iṣẹ́ yìí, lábẹ́ igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mẹ́rin kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Èkíní: ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé gbé e. Búlọ́ọ̀kù lè là lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Igi líle tó fẹ̀, tí a tò ní ìdábùú-òró, tàbí ẹsẹ̀ irin tí ajórin ṣe, ni kí ẹ lò.

Èkejì: ẹ́ńjìnnì wúwo ju 200 kílò lọ. Ẹ̀ka máńgòrò kọ́ ni kí a so ó rọ̀ sí. Ẹ yá ẹsẹ̀ irin mẹ́ta àti ṣéènì bílọ́ọ̀kù, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá wà lókè.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe jẹ́ kí ajórin fi iná kan táńkì tó ti gba bẹntiróòlù rí, bó ti wù kó gbẹ tó. Òórùn tó kù nínú rẹ̀ ló ń gbaná, ó sì ń bú gbàmù bí àdó olóró. Táńkì tuntun sàn ju ìsìnkú lọ.

Ẹ̀kẹrin: eruku inú bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹnu tàbí pọ́ńpù afẹ́fẹ́. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì sin àkísà náà.

BÍRÉÈKÌ ṢÁÁJÚ AGBÁRA

Ọkọ̀ tí kò lè dúró kò yẹ kó lè sáré. Onídírọ́ọ̀mù ni bíréèkì Land Rover àtijọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọkọ̀ bá ti dúró fún ọdún mélòó kan, àwọn sílíńdà kéékèèké inú rẹ̀ á ti gan, rọ́bà inú wọn á ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà àti láínìn lẹ́ẹ̀kan náà, ní apá méjèèjì. Bí ẹ bá ṣe ti òsì tí ẹ fi ti ọ̀tún sílẹ̀, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Àwọn páìpù irin tó gbé ọ́ìlì bíréèkì náà ń dípẹtà. Owó wọn kò pọ̀, ẹ pa gbogbo wọn dà.

Ẹ wo sípíríńgì, ìdarí, táyà, àti ọ́ìlì inú gíáà-bọ́ọ̀sì àti ti àwọn ẹsẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ ibẹ̀. Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé, tí ọkọ̀ ṣeé fà láti ibì kan dé ibòmíràn tí ó sì dúró nígbà tí a bá ní kó dúró, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó kàn.

Ẹ́ŃJÌNNÌ WO NI KÍ A RA?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Ọ̀nà kìíní ni kí a tún ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ṣe. Láti 1958 ni wọ́n ti ń fi ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù oní-lítà 2.25 sínú Land Rover, ti dísẹ̀lì tó tóbi bákan náà sì dé ní 1961. Wọn kò lágbára púpọ̀, ti bẹntiróòlù kò ju bí 70 agbára ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rọrùn láti tú, wọ́n sì ń fara da ìyà. Àléébù wọn ni pé ti bẹntiróòlù ń mu epo bí ẹni ń mu omi. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ á máa jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ máa kó ẹrù lójoojúmọ́ kò lè ṣe é.

Ọ̀nà kejì ni kí a ra ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Dísẹ̀lì oní-lítà 2.5 jáde ní 1984, èyí tí wọ́n ń pè ní 200Tdi sì bẹ̀rẹ̀ nínú Land Rover Discovery ní 1989. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ihò bóòtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíáà-bọ́ọ̀sì ló bára mu. 200Tdi lágbára ju 100 agbára ẹṣin lọ, síbẹ̀ epo tó ń mu kéré sí ti bẹntiróòlù àtijọ́. Ẹ ṣọ́ nǹkan méjì. Tọ́ọ̀bò èyí tó wá láti inú Discovery jókòó sísàlẹ̀ jù, ó máa ń kan ibi tí ẹ́ńjìnnì gbé jókòó lórí ṣásíì; ti Defender ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó rọrùn láti wọ̀. Èkejì ni pé fíláíwíìlì, ilé rẹ̀ àti kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti yọ fíláíwíìlì rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹta ni ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ mìíràn, bíi Toyota tàbí Nissan. Ó pọ̀ lọ́jà, ẹ̀yà rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ṣùgbọ́n ihò bóòtì rẹ̀ kò bá ti Land Rover mu, àyàfi kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ṣe pẹpẹ irin kan tí yóò wà láàárín wọn. Bí pẹpẹ yìí bá fi díẹ̀ yẹ̀ kúrò ní àárín gbùngbùn, gíáà-bọ́ọ̀sì á máa ké, kílọ́ọ̀ṣì á máa jẹ, ẹ ó sì máa tú u lemọ́lemọ́. Bí kò bá sí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ní tòsí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà, yálà Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Gate ní Ìbàdàn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà kí ẹ mọ̀ pé kò gan. Ẹ ní kí wọ́n ta á lójú yín. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bíi ti ìkòkò ọbẹ̀, inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà lára, kí ẹ sì jẹ́ kí iye ọjọ́ tí wọ́n fi yín lọ́kàn balẹ̀ wà nínú ìwé, àbí ta ló fẹ́ máa bá èèyàn jà lọ́jà?

BÍ A ṢE Ń GBÉ E WỌLÉ

Kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé, ẹ pa àwọn nǹkan tó rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ wọn dà: síìlì ọ́ìlì iwájú àti ẹ̀yìn, pọ́ńpù omi, àti bẹ́líìtì tó ń darí ìṣísílẹ̀ àwọn fáàfù bó bá jẹ́ 200Tdi. Bí bẹ́líìtì yìí bá já lọ́nà, inú ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ gidigidi.

Ẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíáà-bọ́ọ̀sì ná, kí ẹ tó ṣe ibi tó máa jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí ajórin jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ṣásíì kí ẹ tó wo gbogbo nǹkan yìí: ṣé fáànù kò ní kan rédíétọ̀? Ṣé bónẹ́ẹ̀tì á padé? Ṣé sàlẹ́ńsà kò sún mọ́ páìpù bíréèkì? Rọ́bà gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣásíì, pàápàá dísẹ̀lì, nítorí pé ó ń gbọ̀n.

Ẹni tó kúrò nínú bẹntiróòlù bọ́ sí dísẹ̀lì ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Dísẹ̀lì ń dá epo tó bá ṣẹ́kù padà sí táńkì, nítorí náà páìpù méjì ló nílò. Ó nílò ọ̀pá-ìsẹ́ tó ń yọ omi kúrò nínú epo. Omi ló ń pa pọ́ńpù dísẹ̀lì jù lọ. Bí bíréèkì yín bá ní ohun tó ń ràn án lọ́wọ́, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í fa afẹ́fẹ́ bíi ti bẹntiróòlù. Pọ́ńpù tó ń fa afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bíréèkì á le bí òkúta. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ Land Rover tó jáde ṣáájú bí 1967 ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá so ọ́tánétọ̀ òde òní mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, yóò jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára tún kù. Gíáà-bọ́ọ̀sì àti ṣáàfùtù ẹ̀yìn Land Rover àtijọ́, ẹ́ńjìnnì oní-70 agbára ẹṣin ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí ẹni tó fi 200Tdi sí i bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi nínú ẹrẹ̀ tòun ti ẹrù, ṣáàfùtù ni yóò kọ́kọ́ kán. Ẹ máa wà á bí ọkọ̀ àgbà. Ẹ máa fi gíáà kékeré gun òkè, ẹ má sì dì í ju bó ti yẹ lọ nítorí pé agbára ti pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má jìnnà sílé. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ wo omi, ọ́ìlì, ọ́ìlì bíréèkì àti bóòtì gbogbo kí ẹ tó di ẹrù sí i.

ÌWÉ ỌKỌ̀

Nọ́ńbà ṣásíì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ìwé náà kò bá ọkọ̀ mu mọ́. Kí ẹ tó gbé e jáde sí títì, ẹ mú rìsíìtì ẹ́ńjìnnì lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gba owó ìwé ọkọ̀, kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí i. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọlọ́pàá sì dá a dúró, yóò ṣàlàyé àlàyé títí ni bí ẹ́ńjìnnì olóhun ṣe dé inú ọkọ̀ rẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ TỌRỌ Ẹ̀YÁWÓ

Ẹ jẹ́ ká pín owó iṣẹ́ náà sí mẹ́ta nínú ìwé ìtọrọ yín: ti ṣásíì àti ara ọkọ̀, ti bíréèkì, ìdarí àti táyà, àti ti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gbígbé e wọlé. Ẹ tún fi díẹ̀ kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ àtijọ́ kì í sọ gbogbo àrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ohun tí ẹ ń san fún àwọn ọlọ́kọ̀ láti kó irè oko yín ní ọdún kan. Bí owó iṣẹ́ náà bá pọ̀ ju ohun tí ẹ ń san fún ọlọ́kọ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́rin lọ, ẹ tún un rò. Kò sí ìtìjú nínú kí a máa háyà ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn wa sí àwọn onídùúró ni pé kí wọ́n lọ wo ṣásíì ọkọ̀ náà fúnra wọn, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí oko wọn wà lójú ọ̀nà kan bá lè pawọ́ pọ̀ ṣe ọkọ̀ kan, ó sàn ju kí olúkúlùkù ní òkú ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ṣáà nìyẹn.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, a bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ ojú tó fi rí i fún wa. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀.